Ọ̀RỌ̀ TÍ KÒ NÍ BÀBÁ: ÌSÍNÁÀDÌ ÀTI FÓÒNÙ ỌWỌ́ WA

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó fún ọmọ Ádámọ̀ ní ahọ́n tí ó fi ń sọ̀rọ̀, tí ó sì fún un ní ọgbọ́n tí ó fi ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá òjíṣẹ́ Rẹ̀, Ànábì wa Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ọ̀nà wọn títí di Ọjọ́ Àlùkìyáámà.



Bí àlejò bá wọ ìlú wa, a ó bi í pé, "Ọmọ ta ni ọ́? Agboolé wo lo ti wá?" Kò sí ẹni tí ń fún àlejò ní yàrá kí ó tó mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ ń wọ inú fóònù wa, tí a kì í bi í pé ọmọ ta ni. A ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, a ó gbà á gbọ́, a ó sì tún sìn ín dé ilé ogójì ènìyàn mìíràn. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: ewu tí ó wà nínú ẹ̀rọ ayé òde òní kì í ṣe pé ó ń gbé ọ̀rọ̀ yára. Ewu rẹ̀ ni pé ó ń gbé ọ̀rọ̀ láìgbé orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́. Ó ti já ìsínáàdì.

N KÒ BÁ Ẹ̀RỌ JÀ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ibí lọ sọ pé lẹ́mọ́ọ̀mù ní fóònù haráàmù. N kò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ tí ó bá ẹ̀rọ jà ṣáájú wa, ẹ̀rọ ni ó borí wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1450 ni Johannes Gutenberg ti ń fi ẹ̀rọ tẹ ìwé ní Jámánì. Ní Istanbul, ibi tí agbára ìjọba Mùsùlùmí wà nígbà náà, ọdún 1727 ni wọ́n tó fún Ibrahim Müteferrika láyè láti fi ẹ̀rọ tẹ ìwé tí a fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ. Bẹ́ẹ̀ náà, wọ́n ní kò gbọdọ̀ tẹ ìwé ẹ̀sìn. Ẹ ṣírò rẹ̀, ó lé ní àádọ́rinlénígba ọdún. Lónìí, ta ni nínú wa tí Àlùkùránì inú ilé rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀?

Nílé wa níbí náà, gbohùngbohùn dé, ó wọ mọ́sálásí. Kásẹ́ẹ̀tì dé, wáàsí àwọn àgbà wa wọ inú mọ́tò, ó wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn télọ̀, ó dé ọ̀dọ̀ ìyá tí kò lè jáde nílé. Oore ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí kásẹ́ẹ̀tì yẹn: orúkọ aáfàá wà lára rẹ̀, àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ni a ń gbọ́. Bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, a mọ ẹni tí a ó lọ bá. Kásẹ́ẹ̀tì gbé ọ̀rọ̀ rìn, ó sì gbé bàbá ọ̀rọ̀ dání.

OHUN TÍ ÀWỌN ẸNI ÌṢÁÁJÚ KÓ LÉ WA LỌ́WỌ́

Ẹni tí ó bá ti jókòó níwájú aáfàá díẹ̀ mọ̀ pé hádíìsì ní ọ̀nà méjì. Ìkíní ni ìsínáàdì, ìyẹn orúkọ àwọn tí ó gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ara wọn, láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń kà á títí dé ọ̀dọ̀ Ànábì. Ìkejì ni màtínì, ìyẹn ọ̀rọ̀ náà gan-an. Bukhari, tí a bí ní ọdún 194 Híjírà tí ó sì kú ní 256, àti Muslim tí ó kú ní 261, wọn kò kọ́kọ́ béèrè pé ṣé ọ̀rọ̀ yìí dùn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè ni pé ta ni ó sọ ọ́, ta ni ó gbọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé àwọn méjèèjì pàdé rí, ṣé olóòótọ́ ni wọ́n, ṣé orí wọn pé níbi ìrántí? Bí orúkọ kan bá já láàárín, wọ́n a ní munqati' ni, okùn rẹ̀ ti já. Bí a kò bá mọ ẹnì kan nínú wọn, wọ́n a ní majhul ni, ẹni àìmọ̀. Abdullahi ọmọ Mubarak ka ìsínáàdì mọ́ ara ẹ̀sìn gan-an.

Jabir ọmọ Abdullahi, sàhábà Ànábì, ra ràkúnmí, ó sì rin ìrìn oṣù kan lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, kí ó lè gbọ́ hádíìsì kan ṣoṣo lẹ́nu Abdullahi ọmọ Unays. Oṣù kan gbáko nítorí hádíìsì kan! Àwa tí ìpè fóònù ìṣẹ́jú kan tó láti wádìí, a kì í pè.

Ọlọ́hun sì ti kọ́ wa ní Súrátùl-Hujurat pé bí ẹni tí a kò lè fọkàn tán bá mú ìròyìn wá, kí a wádìí rẹ̀, kí a má baà ṣe ẹni ẹlẹ́ni ní aburú, kí a wá máa ka àbámọ̀. Ní Súrátùn-Nur, nígbà tí wọ́n pa irọ́ mọ́ ìyá wa Áíṣà, kì í ṣe ẹni tí ó dá irọ́ náà sílẹ̀ nìkan ni Ọlọ́hun bá wí. Ó bá àwọn tí ó ń gbé e láti ẹnu dé ẹnu wí pẹ̀lú. Àwọn wo ni? Mistah wà nínú wọn, ẹni tí ó jagun Badr! Munááfìkí ni ó dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n onígbàgbọ́ òdodo bá a gbé e kiri. Fún nǹkan bí oṣù kan ni ilé Ànábì fi wà nínú ìbànújẹ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun ń kírun, òun ń gbààwẹ̀, irọ́ kò lè gba ọ̀dọ̀ òun kọjá.

ÀRÙN YÌÍ TI WÀ KÍ FÓÒNÙ TÓ DÉ

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà yóò rántí ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Wàsíyà Shaykh Ahmad. Ìwé náà sọ pé olùtọ́jú sàréè Ànábì ní Mẹ́dínà lálàá, pé wọ́n rán an sí gbogbo Mùsùlùmí. Ẹni tí ó bá dà á kọ tí ó sì pín in yóò rí oore, ẹni tí ó bá sọ ọ́ sílẹ̀ yóò rí ibi. Àwọn ènìyàn fi owó oúnjẹ ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀. Rashid Rida ti fèsì sí i nínú ìwé ìròyìn al-Manar ní Íjíbítì, Shaykh Abdul-Aziz ọmọ Baz náà kọ ìwé láti já a ní irọ́. Síbẹ̀ kò kú.

Ṣùgbọ́n nígbà náà, ẹni tí ó fẹ́ tan án ká gbọ́dọ̀ jáde nílé, kí ó sanwó, kí ó fi ẹsẹ̀ rìn. Fóònù ti wá fún irọ́ ní ẹṣin. Àtàǹpàkò kan ti tó. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá ń lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí a wo iye ènìyàn tí irọ́ yóò ti pa kí òtítọ́ tó dé.

IYỌ̀ ÀTI GBỌ́MỌGBỌ́MỌ

Ní oṣù keje ọdún 2014, àrùn Ebola wọ Èkó. Ní oṣù kẹjọ, àtẹ̀jíṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní Nàìjíríà pé kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu nínú rẹ̀, àrùn náà kò ní lè wọlé. Ta ni ó sọ ọ́? Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Àwọn ènìyàn ń pe ara wọn dìde lóru. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wa ja àrùn náà títí, tí ó fi jẹ́ pé ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, wọ́n kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà. Ènìyàn mẹ́jọ ni àrùn náà fúnra rẹ̀ pa lọ́dọ̀ wa. Ẹ fi méjì tí ọ̀rọ̀ àìníbàbá pa wé mẹ́jọ tí àrùn pa, kí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ti orílẹ̀-èdè India tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2018, fídíò kan ń rìn lórí WhatsApp níbẹ̀. Nínú rẹ̀, àwọn tí ó gun alùpùpù já ọmọdé kan gbà ní àdúgbò, wọ́n sì gbé e sá lọ. Wọ́n ní gbọ́mọgbọ́mọ ti wọ ìlú. Ṣùgbọ́n Karachi ní Pakistan ni wọ́n ti ṣe fídíò náà, àwọn tí ó ṣe é sì fẹ́ fi kìlọ̀ fún òbí ni. Ní òpin rẹ̀, wọ́n dá ọmọ náà padà, wọ́n sì gbé àkọlé sókè pé kí a máa ṣọ́ ọmọ wa. Ẹnì kan gé òpin yẹn kúrò. Ìyẹn nìkan ni ó ṣe. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2018, ní abúlé Rainpada ní agbègbè Dhule, àwọn ará ibẹ̀ rí àlejò márùn-ún ní ọjà, wọ́n ní gbọ́mọgbọ́mọ ni wọ́n, wọ́n sì lù wọ́n pa. Aláìṣẹ̀ ni wọ́n. Àwa Yorùbá tí a mọ bí ariwo gbọ́mọgbọ́mọ ṣe ń rí ní àárín ọjà, ẹ má jẹ́ kí a sọ pé India jìnnà.

ÀWÁWÍ MẸ́TA

Bí a bá bá ẹni tí ó fi irọ́ ránṣẹ́ wí, ọ̀kan nínú àwáwí mẹ́ta ni yóò mú wá.

Àkọ́kọ́: "Bí mo ṣe rí i gbà ni mo ṣe fi ránṣẹ́." Ó tilẹ̀ máa ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, bí ẹni pé ó ti fọwọ́ nu. Ṣé ẹni tí ó bá gba ayédèrú owó ní ọjà lè fi ná ẹlòmíràn, kí ó ní bí òun ṣe gbà á ni òun ṣe ná an? Àwọn àgbà wa ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́: ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Èkejì: "Bí kò bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, ọ̀rọ̀ dáadáa ṣáà ni." Èyí ni ó léwu jù láàárín àwa ẹlẹ́sìn. Àwọn onímọ̀ hádíìsì sọ nípa ọkùnrin kan, Nuh ọmọ Abu Maryam, tí ó dá hádíìsì sílẹ̀ lórí oore tí ó wà nínú kíka súrà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní òun rí i pé àwọn ènìyàn ti pa Àlùkùránì tì ni, òun fẹ́ fà wọ́n padà. Ẹ ò rí i pé èrò rẹ̀ dára! Síbẹ̀, òpùrọ́ ni àwọn onímọ̀ pè é títí di òní. Ìsìláàmù kò nílò irọ́ láti fi dúró. Ẹni tí ó bá fi irọ́ ti ògiri mọ́sálásí, ọjọ́ tí irọ́ bá yẹ̀, ògiri yóò wó lu àwọn tí ó ń kírun nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: "Bóyá òótọ́ ni, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra ná." Bóyá kì í ṣe ẹ̀rí. Bóyá ni ó mú omi iyọ̀ wọ ikùn àwọn tí ó kú.

ÀWỌN TÍ Ó NI ẸṢIN

Kí a má ṣe di gbogbo ẹrù lé orí tálákà tí ó ń tẹ fóònù. Àwọn tí ó ni ẹ̀rọ yìí ńkọ́? Ọdún 2009 ni Jan Koum àti Brian Acton dá WhatsApp sílẹ̀. Ní ọdún 2014, Facebook kéde pé òun yóò rà á ní nǹkan bí bílíọ̀nù 19 dọ́là. Oníṣòwò kì í ná irú owó bẹ́ẹ̀ lásán. Ìpolówó ọjà ni Facebook fi ń jẹun, olówó ìpolówó a sì máa fẹ́ kí ojú wa pẹ́ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tí ó ń bíni nínú àti èyí tí ó ń dẹ́rù bani ni ó máa ń dá ojú dúró jù.

Ní ọdún 2017, wọ́n lé àwọn Mùsùlùmí Rohingya tí ó ju 700,000 lọ kúrò ní Myanmar sí Bangladesh, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọdún púpọ̀ tan ọ̀rọ̀ ìkórìíra ká nípa wọn lórí Facebook. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ náà fẹnu ara rẹ̀ gbà pé òun kò ṣe tó láti dènà rẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ ti jó, kí ni ìjẹ́wọ́ yẹn yóò ṣe fún un?

Lẹ́yìn ìpànìyàn India, ní oṣù keje ọdún 2018, WhatsApp fi àmì sí ara ọ̀rọ̀ tí a bá fọ́wáàdì. Mo yìn wọ́n fún un, ṣùgbọ́n àmì aláàbọ̀ ni. Ó ń sọ fún wa pé wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà láti ibòmíràn wá, kò sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Bí a bá fi ojú hádíìsì wò ó, ìkéde ni pé okùn ti já, kì í ṣe pé a so ó padà. Ní ọdún 2020, wọ́n pàṣẹ pé ọ̀rọ̀ tí ó bá ti rìn jìnnà púpọ̀, gúrúùpù kan tàbí ẹnì kan ṣoṣo ni a lè fi ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn fúnra wọn ní fífọ́wáàdì irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti dín kù ní ìdá 70 nínú 100. Ó dára. Àmọ́ ó fi hàn pé ìjánu ẹṣin yìí ti wà lọ́wọ́ wọn tipẹ́. Kí ló dé tí wọn kò fà á títí tí òkú fi sùn?

Àwọn kan ní kí ìjọba máa ka gbogbo ohun tí a bá kọ nínú fóònù. Èmi kò fara mọ́ ọn. Láti ọdún 2016 ni WhatsApp ti ń ti ọ̀rọ̀ wa pa, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó kọ ọ́ àti ẹni tí a kọ ọ́ sí nìkan ni ó lè kà á. Ẹ̀sìn wa sì kọ̀ fún wa láti máa yọjú sí àṣírí ara wa. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kí ilẹ̀kùn wà ní títì, onílé ni ó gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Èmi àti ìwọ ni onílé náà.

ẸLẸ́RÌÍ TÍ KÒ RÍ NǸKAN KAN

Láti ìparí ọdún 2022 tí ChatGPT ti jáde, ẹ̀rọ ti ń fèsì bí aáfàá. Ọmọ yóò bi í ní ọ̀rọ̀ ogún, ìyàwó ilé yóò bi í ní ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀, yóò sì dáhùn láìkólòlò. Kí a mọ ohun tí ó ń ṣe: ó ti ka ìwé rẹpẹtẹ, ó sì ń to ọ̀rọ̀ tí ó ṣeé ṣe kí ó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Kò pàdé ẹnikẹ́ni, kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 2023, àwọn agbẹjọ́rò méjì ní New York gbé ẹjọ́ àtijọ́ tí ó fún wọn wá síwájú adájọ́. Orúkọ wà níbẹ̀, ọdún wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò sí rí. Adájọ́ bu ìtanràn 5,000 dọ́là lé wọn. Bí ó bá lè dá ẹjọ́ sílẹ̀ fún agbẹjọ́rò, ó lè dá hádíìsì sílẹ̀ fún ọmọ kéwú, kí ó sì fi orúkọ Bukhari sí i. Èyí burú ju okùn tí ó já lọ, okùn ayédèrú ni.

Ohùn náà kò sí láàbò mọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ohùn kan tí ó jọ ti Joe Biden, tí ó jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, pe àwọn ará New Hampshire lórí fóònù pé kí wọ́n má jáde dìbò lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣe ohùn ọ̀hún. Bí wọ́n bá ṣe é fún Ààrẹ Amẹ́ríkà, ti lẹ́mọ́ọ̀mù àdúgbò kì í ṣe ohun ìnira fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá wa, bí ẹ bá gbọ́ ohùn aáfàá yín tí ó ń tọrọ owó sàrá lórí fóònù, ẹ kọ́kọ́ pè é ní nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

ÀWA AÁFÀÁ ŃKỌ́?

Ẹ jẹ́ kí n bá ilé wí. Àwa tí ó yẹ kí a kọ́ àwọn ènìyàn ní ìsínáàdì, a wà lára àwọn tí ó ń já a. A ó gé ìṣẹ́jú kan nínú wáàsí wákàtí méjì tí aáfàá ẹlòmíràn ṣe, a ó fi àkọlé tí ó ń ta bí ata sí i lórí, a ó sì jókòó máa ka iye ẹni tí ó wò ó. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín èyí àti ẹni tí ó gé òpin fídíò Karachi? Bí àríyànjiyàn bá wà lórí ẹ̀kọ́, àwọn àgbà a máa kọ ìwé sí ara wọn, wọ́n a sì kọ orúkọ wọn sí i. Lónìí, a ti sọ ọ́ di ìran wíwò lórí Facebook, tí àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí ń pe ara wọn wá wò. A tún ń sọ lórí mímúbárì pé "hádíìsì sọ pé," a kì í sọ inú ìwé wo. Ọmọ ẹ̀yìn wa gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń fọ́wáàdì rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò gba owó. Lákọ̀ọ́kọ́, kí aáfàá tí ó bá ka hádíìsì lórí mímúbárì dárúkọ ìwé tí ó ti mú un. Lẹ́ẹ̀kejì, kí gúrúùpù mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan fi òfin kan lélẹ̀: ọ̀rọ̀ tí kò bá ní orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ kò gbọdọ̀ wọlé, ìbáà jẹ́ Alàájì ni ó gbé e wá. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí ilé kéwú wa má fi ẹ̀kọ́ hádíìsì mọ sórí àkọ́sórí nìkan. Kí wọ́n fún àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ mẹ́wàá láti inú fóònù, kí wọ́n ní, "Ẹ lọ wá bàbá wọn." Lẹ́ẹ̀kẹrin, kí ẹni tí ó bá ti fi irọ́ ránṣẹ́ fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tí ó gbé irọ́ náà dé. Píparẹ́ nínú fóònù tirẹ̀ nìkan kò tó.

Bí ọ̀rọ̀ bá sì dé tí o kò mọ orísun rẹ̀, tí o kò sì ní àyè láti wádìí, dá a dúró sọ́dọ̀ rẹ. Ọlọ́hun kò ní bi ọ́ léèrè pé kí ló dé tí o kò fọ́wáàdì. Ìbéèrè tí ó dájú ni ti ohun tí o fi ránṣẹ́.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ahọ́n wa àti ìka ọwọ́ wa. Kí Ó forí ji àwọn tí ó ti lọ. Kí Ó má ṣe fi wá ṣe afárá tí irọ́ yóò gbà kọjá lọ bá ọmọ ẹlòmíràn. Àmín. Àlàáfíà Ọlọ́hun kí ó máa bá gbogbo wa gbé.